Olaudah Equiano: Ọmọ Ìgbò Tí A Ń Wá Orírun Rẹ̀ Nínú Ìwé àti Nínú Ìtàn Ẹnu

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí fi hàn pé láàárín Yorùbá, ẹni tí a kò bá mọ ilé bàbá rẹ̀ kò tíì di ẹni tí a mọ̀ tán. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí láàárín àwọn Ìgbò. Ní Ugwuaji, ìlú àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Nkanu tí ó ti di apá kan Enugu, àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbò, àwọn ọmọ bàbá kan náà, tí wọ́n ń pè ní umunna, ni ó ń sọ ènìyàn di ọmọ onílẹ̀. Láti inú umunna ni ènìyàn ti ń mọ ilẹ̀ tí ó lè fi dáko, ìdílé tí kò gbọdọ̀ ti fẹ́ aya, àti ibi tí wọn yóò sin ín sí bí ó bá kú. Láyé àtijọ́, kò sí ìwé tí wọ́n kọ ìran wọ̀nyí sí. Ẹnu àwọn àgbà ni ìwé wọn.

Ṣùgbọ́n báwo ni ti ẹni tí wọ́n jí gbé ní kékeré, tí wọ́n tà sí òkè òkun, tí ó sì kú síbẹ̀ láì padà wálé? Ta ni yóò jẹ́rìí sí ilé bàbá rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó rọ̀ mọ́ orúkọ Olaudah Equiano, ẹni tí ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1797. Ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ wà lára ohun tí ó la ojú àwọn ará Ìlú Ọba sí ìwà ibi tí ó wà nínú òwò ẹrú. Orúkọ rẹ̀ ni iléeṣẹ́ Google fi pe okùn abẹ́ òkun tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọdún 2022. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún tí ó ju 200 lọ tí ó ti kú, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ibi tí wọ́n gbé bí i.

OHUN TÍ Ó SỌ NÍPA ILÉ RẸ̀

Nínú ìwé rẹ̀, èyí tí ó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1789, Equiano ṣàlàyé pé ọdún 1745 ni wọ́n bí òun, ní ìlú kan tí ó pè ní Essaka. Ó ka ìlú náà mọ́ ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Ọba Ìbíní, ṣùgbọ́n ó ní ó jìnnà púpọ̀ sí ààfin ọba náà àti sí òkun, tó bẹ́ẹ̀ tí òun kò fi gbọ́ nípa òyìnbó rí ní kékeré. Orúkọ tí ó pe àwọn ènìyàn rẹ̀ ni Eboe, èyí tí kò lè jẹ́ òmíràn bí kò ṣe Ìgbò.

Bàbá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí ń dá ẹjọ́ ìlú. Àmì oyè wọn ni ilà tí wọ́n ń kọ sí iwájú orí. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ti ń gé awọ ara láti òkè iwájú orí, tí wọ́n ń fà á sọ̀ kalẹ̀ sí òkè ojú, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ gbígbóná ra á títí yóò fi wú. Ó kọ orúkọ àwọn olóyè yìí sílẹ̀ bí etí rẹ̀ ti rántí rẹ̀, ó ní Embrenché. Àwọn Ìgbò mọ ilà náà dáadáa: ichi ni wọ́n ń pè é, mgburichi sì ni ẹni tí ó bá kọ ọ́. Equiano ní wọ́n ti kọ ọ́ fún ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n òun, wọ́n sì ti pinnu láti kọ ọ́ fún òun náà. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n ti jí i gbé. Yorùbá tí ó mọ ohun tí ilà ojú ń sọ nípa ilé ènìyàn yóò mọ bí àdánù yìí ti pọ̀ tó. Bí ó bá ti kọ ichi kí ó tó kúrò nílé, iwájú orí rẹ̀ ni ìbá jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀ títí ayé.

Ọmọ méje ni wọ́n yè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tí wọ́n dàgbà. Equiano ni àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọkùnrin, obìnrin kan ṣoṣo ni ó sì wà láàárín wọn. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, kì í sì í fi í sílẹ̀. Kò fi pamọ́ pé bàbá òun náà ní ẹrú púpọ̀ nílé.

Bí àwọn àgbà bá ti lọ sí oko, àwọn ọmọdé a máa pé jọ láti ṣeré, ọ̀kan nínú wọn a sì gun orí igi láti máa ṣọ́ àwọn gbọ́mọgbọ́mọ. Ní ọjọ́ kan, nígbà tí òun àti arábìnrin rẹ̀ nìkan wà nílé, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan fo ògiri wọlé, wọ́n di wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì gbé wọn wọ inú igbó lọ. Nǹkan bí ọmọ ọdún 11 ni ó sọ pé òun jẹ́ nígbà náà. Láìpẹ́, wọ́n ya tẹ̀gbọ́n-tàbúrò nípa. Wọ́n tún pàdé lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà, wọ́n sì di ara wọn mú sùn ní òru ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún mú ọmọbìnrin náà lọ. Equiano kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ní ìlú kan tí ó pè ní Tinmah, owó ẹyọ 172 ni wọ́n tà á. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí méje tí wọ́n ti jí i gbé, ó dé etí òkun, ó rí ọkọ̀ àwọn òyìnbó, ẹ̀rù sì bà á pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ pa òun jẹ.

ORÚKỌ MẸ́RIN, OLÚWA MẸ́TA

Ọkọ̀ náà gbé e dé erékùṣù Barbados, wọ́n sì tún gbé e láti ibẹ̀ lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà. Nínú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n ti kọ́kọ́ pè é ní Michael. Nígbà tí ó dé Virginia wọ́n pè é ní Jacob. Níbẹ̀ ni Michael Henry Pascal, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ti Ìlú Ọba, ti rà á. Pascal sọ ọ́ ní Gustavus Vassa, orúkọ ọba Sweden kan tí ó gba ìlú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Denmark. Ọmọ náà kọ orúkọ yìí, ó ní Jacob tẹ́ òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n Pascal ń gbá a létí títí ó fi ń jẹ́ ẹ. Orúkọ yìí ni ó sì ń lò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Nínú ìwé ìjọba, nínú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ àti lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Gustavus Vassa ni ó ń jẹ́. Ìgbà tí ó kọ ìwé rẹ̀ ni ó gbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ síta fún gbogbo ayé.

Ó bá Pascal lọ sí ogun ọlọ́dún méje tí Ìlú Ọba bá Faransé jà. Ó wà níbi tí wọ́n ti gba Louisbourg ní Kánádà ní ọdún 1758, ó sì wà nínú ìjà ojú òkun tí wọ́n jà ní etí ilẹ̀ Portugal ní ọdún 1759. Ó kọ́ ìwé kíkà nínú ọkọ̀ àti lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ìdílé Guerin, ìbátan Pascal, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó rò pé bí ogun bá parí wọn yóò dá òun sílẹ̀. Dípò èyí, ní ìparí ọdún 1762, Pascal tà á fún ọ̀gá ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ James Doran, tí ó gbé e lọ sí erékùṣù Montserrat. Níbẹ̀ ni oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Robert King ti rà á. King gbà pé bí ó bá lè san iye tí òun fi rà á, òun yóò dá a sílẹ̀. Equiano fi ife kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ òwò, ó rà á ní pẹ́ńsì mẹ́ta, ó sì tà á ní ìlọ́po méjì. Díẹ̀díẹ̀ ni ó fi kó £40 jọ, ó sì ra ara rẹ̀ padà ní oṣù keje ọdún 1766.

Nígbà tí ó di òmìnira, ó ṣe iṣẹ́ irun ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tún padà sí ojú omi. Ní ọdún 1773, ó wà nínú ọkọ̀ Racehorse pẹ̀lú àwọn tí ó lọ wá ọ̀nà gba òkun yìnyín ní ìhà àríwá ayé. Ní ọdún 1783, òun ni ó lọ sọ fún Granville Sharp, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn ẹrú, nípa ọkọ̀ Zong, èyí tí àwọn atukọ̀ rẹ̀ ti ju Adúláwọ̀ tí ó ju 130 lọ sínú òkun láàyè kí olówó ọkọ̀ lè gba owó ìdójútòfò lórí wọn. Ní ọdún 1788, ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí aya Ọba lórí ọ̀ràn àwọn ẹrú. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde. Àwọn tí ó ti san owó sílẹ̀ ṣáájú ju 300 lọ, ọmọ Ọba tí yóò jogún adé sì wà lára wọn. Equiano fúnra rẹ̀ gbé ìwé náà kiri Ìlú Ọba, Scotland àti Ireland. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1794, ìwé náà ti jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án.

ẸSÙN ỌDÚN 1792

Ní oṣù kẹrin ọdún 1792, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìlú Ọba jíròrò lórí òwò ẹrú, wọ́n sì dìbò pé kí òwò náà kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú bí àwọn tí ń jẹun nínú òwò náà. Nínú oṣù yìí kan náà, lẹ́yìn ìgbéyàwó Equiano, ìwé ìròyìn méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, Oracle àti Star, gbé e jáde pé irọ́ ni ó ń pa, wọ́n ní kò débi tí ó pè ní ilé rẹ̀ rí. Wọ́n ní erékùṣù Santa Cruz, tí ó wà lábẹ́ Denmark nígbà náà, ni wọ́n gbé bí i, tí wọ́n sì tọ́ ọ dàgbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orúkọ ẹnì kan lásán. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ẹni tí ó kọ̀wé kò rí gbọ́mọgbọ́mọ rí, kò sì wọ inú ọkọ̀ ẹrú láti Áfíríkà rí. Ohun tí àwọn aṣòfin kà nípa òórùn ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nípa àwọn tí ó bẹ́ sómi nítorí ìyà, yóò di ìtàn àlọ́. Equiano mọ èyí, kò sì dákẹ́. Nínú ìtẹ̀jáde karùn-ún ìwé rẹ̀, ó kọ èsì síwájú ìtàn náà, ó sì dárúkọ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n nígbà tí ó kọ́kọ́ dé Ìlú Ọba, nígbà tí kò gbọ́ èdè mìíràn bí kò ṣe ti Áfíríkà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìdílé Guerin wà lára àwọn ẹlẹ́rìí tí ó pè. Àwọn ọ̀gágun ojú omi náà sì wà níbẹ̀. Ní ayé rẹ̀, ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

ÌWÉ TÍ WỌ́N HÚ JÁDE

Ju 200 ọdún lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1999, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Vincent Carretta gbé ìwé méjì tí ó ti rí síta. Èkíní ni ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì St Margaret ní Westminster. Ní ọjọ́ 9, oṣù kejì, ọdún 1759, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ri Gustavus Vassa bọmi, aláwọ̀ dúdú, ọmọ ọdún 12, tí wọ́n bí ní Carolina. Èkejì ni ìwé orúkọ àwọn atukọ̀ Racehorse ti ọdún 1773. Níbẹ̀, Gustavus Weston ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 28, ibi tí wọ́n sì kọ pé wọ́n bí i sí ni South Carolina, ní Amẹ́ríkà.

Ìwé méjèèjì yìí dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀. Carretta kò sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, ṣùgbọ́n ó sọ pé ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà fi ìtàn tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn Ìgbò mìíràn hun ìgbà èwe rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí. Ní ọdún 1759, ọmọdé ni Equiano, ẹlòmíràn lè sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1773 ó ti di géńdé, ó sì ti gba òmìnira. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni a rò pé akọ̀wé ọkọ̀ ti gbọ́ ibi tí wọ́n bí i sí.

Ìwé mìíràn tún wà tí ó da ìṣirò Equiano rú. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1757 ni ó dé Ìlú Ọba. Ìwé ìjọba fi hàn pé ìparí ọdún 1754 ni ọkọ̀ Pascal gúnlẹ̀ sí Falmouth. Bí ó bá jẹ́ ọdún 1745 ni wọ́n bí i ní tòótọ́, kò lè jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà tí wọ́n jí i gbé. Yálà ó kéré ju bí ó ti rò lọ nígbà náà, tàbí wọ́n ti bí i ṣáájú ọdún tí ó dárúkọ. Paul Lovejoy, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn kan ní Kánádà, gba èyí kejì gbọ́, ó sì fi ìbí rẹ̀ sí nǹkan bí ọdún 1742.

Lovejoy kò gbà pé Carolina ni wọ́n bí i sí. Ó tọ́ka sí ìmọ̀ rẹ̀ nípa ichi àti àwọn àṣà mìíràn tí ó ṣòro kí ẹni tí kò fi ojú rí i tó lè ṣàlàyé bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn Carretta dáhùn pé ọmọ Ìgbò tí wọ́n kó lẹ́rú kò ṣọ̀wọ́n ní àwọn erékùṣù tí Equiano ti ṣe òwò, ó sì lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu wọn. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ń lọ, tí ó ń bọ̀.

ÌTÀN TÍ WỌ́N GBỌ́ NÍ ISSEKE

Kí Carretta tó gbé ìwé wọ̀nyí jáde, àwọn mìíràn ti gba ọ̀nà ilé lọ wá Equiano. G. I. Jones, ọ̀gbẹ́ni kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ Ìgbò, rò ní ọdún 1967 pé ìhà ìwọ̀-oòrùn odò Ọya ni Essaka wà, láàárín àwọn Ìgbò Ika, nítorí pé ibẹ̀ ni ó súnmọ́ Ìbíní. Ní ọdún 1989, Catherine Acholonu, olùkọ́ àti akéwì, tẹ ìwé kan jáde ní Owerri. Ó sọ nínú rẹ̀ pé Isseke ni Essaka, ìlú kan tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ihiala, ní Ìpínlẹ̀ Anambra, tí Enugu jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ nígbà náà. Ó jókòó ti àwọn àgbà ibẹ̀, ó bi wọ́n léèrè nípa ìran wọn, ó sì sọ pé ìdílé Ekwealuo ni ìdílé tí orúkọ Equiano ti jáde. Orúkọ ìlú jọra, orúkọ ìdílé jọra, ichi sì wà ní agbègbè náà.

Ẹ̀rí yìí dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n òun náà ní ibi tí ó ti tẹ̀. Nǹkan bí 230 ọdún ni ó wà láàárín ìgbà tí wọ́n jí ọmọ náà gbé àti ìgbà tí Acholonu ń bi àwọn àgbà léèrè. Ẹni tí ó bá lọ sí ilé onílé tí ó ti ní orúkọ tí ó ń wá lẹ́nu, ó ṣeé ṣe kí onílé ràn án lọ́wọ́ láti rí i. Ta ni kò ní fẹ́ kí akọni tí gbogbo ayé mọ̀ jẹ́ ọmọ ilé òun?

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà òwò ẹrú ni ìdílé máa ń fẹ́ sọ. Ẹni tí wọ́n jí, ẹni tí ará ilé rẹ̀ tà nítorí gbèsè, ẹni tí wọ́n rà wọ ìdílé: ọ̀rọ̀ wọn ń ti ènìyàn lójú. Ní ilẹ̀ Nkanu tí Ugwuaji wà nínú rẹ̀, ní ọdún 1922, ìjà gidi bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn amadi, tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ onílẹ̀, àti àwọn ohu, ọmọ àwọn tí wọ́n ti rà lẹ́rú, lórí ilẹ̀ àti ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Ní Enugu kan náà ni àwọn aṣòfin Ìlà-Oòrùn ti ṣe òfin ní ọdún 1956 láti fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn osu. Níbi tí orírun ènìyàn bá ti lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí ó dí i lọ́wọ́ láti fẹ́ ẹni tí ó wù ú, àwọn àgbà a máa yan ohun tí wọn yóò rántí àti ohun tí wọn yóò gbàgbé.

ẸNU TA NI Ó WÀ NÍNÚ ÌWÉ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé ìwé kì í parọ́, ẹnu ni í parọ́. Ọ̀ràn Equiano fi hàn pé ìwé náà ti ẹnu ẹnì kan wá. Akọ̀wé St Margaret kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà. Ohun tí ẹnì kan sọ fún un ni ó kọ. Ó lè jẹ́ Pascal, ó lè jẹ́ àwọn Guerin, ó sì lè jẹ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Akọ̀wé Racehorse kò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa: Vassa di Weston lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò lè kọ orúkọ tí ó gbọ́, ṣé a lè fi gbogbo ara gbé e lórí ìlú tí ó gbọ́? Síbẹ̀, ìwé kan náà yìí ni ó bá ìtàn Equiano mu lórí ọjọ́ orí, nítorí pé ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 28 ní ọdún 1773 ni wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1745.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ tí ènìyàn ń pe ara rẹ̀ lè yí padà bí ó bá ti rìn jìnnà. Ní ọdún 1854, míṣọ́nnárì ará Jámánì kan, Sigismund Koelle, tẹ ìwé jáde lórí èdè àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n sì kó lọ sí Sàró. Àwọn kan tí wọ́n ń pè ní Ìgbò níbẹ̀ sọ fún un pé àwọn kò gbọ́ orúkọ náà rí kí àwọn tó dé Sàró. Orúkọ ìlú wọn ni wọ́n mọ̀ nílé. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu bí ọmọ tí ó kúrò ní ìlú kékeré kan bá dàgbà tán tí ó wá ń ka ìwé òyìnbó láti mọ ìjọba tí ó yẹ kí ó ka ìlú rẹ̀ mọ́.

Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Òun náà jẹ́ ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun ojú omi gbà á sílẹ̀ kí ó tó sọdá òkun ńlá, ó padà wálé, ó sì pàdé ìyá rẹ̀ tí ó bí i ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ìwé ìròyìn tí ó lè bá a jiyàn ilé. Ìyá ni ẹ̀rí tí ó ga jù lọ, òun sì ni Equiano kò rí mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e fo ògiri.

ÀWỌN TÍ Ó FI SÍLẸ̀

Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 1792, Equiano fẹ́ Susanna Cullen ní ìlú Soham, ní agbègbè Cambridge. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí: Anna Maria ní ọdún 1793, Joanna ní ọdún 1795. Susanna kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1796. Equiano tẹ̀lé e ní ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 1797, ọdún mẹ́wàá ṣáájú òfin tí ó fòpin sí òwò ẹrú lábẹ́ àṣẹ Ìlú Ọba. Anna Maria kú ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, kò ì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Àkọlé ìrántí rẹ̀ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Chesterton ní Cambridge títí di òní. Joanna nìkan ni ó dàgbà. Ní ọdún 1816, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 21, ó gba ogún bàbá rẹ̀, £950, owó ńlá ní ayé ìgbà náà. Ó fẹ́ oníwàásù kan tí ń jẹ́ Henry Bromley, ó sì kú ní ọdún 1857. Itẹ́ Abney Park ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sin ín sí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ wádìí ìran tirẹ̀ ní Nàìjíríà lónìí ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ lára Equiano. Ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìbàdàn, ní Kàdúná àti ní Enugu. Ní ti Enugu, ìwé ìròyìn tí àwọn aṣojú ìjọba òyìnbó kọ lórí ìlú Ìgbò kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n kọ ní àwọn ọdún 1930, lẹ́yìn ìjà àwọn obìnrin ti ọdún 1929. Ẹnu àwọn àgbà ìgbà náà ni àwọn aṣojú ìjọba ti gbọ́ èyí tí ó pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ, ogbufọ̀ sì wà láàárín wọn. Bí a bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí a béèrè ẹni tí ó sọ̀rọ̀, ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀, àti ohun tí olúkúlùkù ń retí láti rí gbà. Bí a bá sì jókòó ti àgbà nílé, kí a jẹ́ kí ó sọ ìtàn rẹ̀ kí a tó sọ orúkọ tí a ń wá. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí òun náà ti gbọ́ ọ. Kí a sì bi ìdílé kejì léèrè.

Bí ìwé àti ẹnu bá fohùn ṣọ̀kan, ó dára. Bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, kí a fi méjèèjì sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀, nítorí pé ẹni tí ó sun ọ̀kan níná nítorí èkejì ti pa ẹlẹ́rìí. Olaudah Equiano kò rí ẹni tí yóò mú un padà dé ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó kọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé síwájú ìwé rẹ̀, kí ẹni tí ó bá mọ ilé náà lè dá a mọ̀.